Ìròyìn ló ṣáájú: bí mo ṣe to àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa sórí Google Sheets

Oṣù Keje

Ìwé tí a fi tó ìjọba létí pé a óò máa kọ́ àwọn ọmọ nílé ti dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ agbègbè wa kí ọjọ́ kìíní oṣù Keje tó pé, bí òfin ìpínlẹ̀ New York ṣe là á sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ló kù. Ọmọ méjì ni a ní: ẹ̀gbọ́n ń wọ kíláàsì keje, àbúrò ń wọ kíláàsì kẹrin. Èmi ni mo ń kọ́ wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Bàbá wọn ló ń bójú tó sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Màmá mi, tí wọ́n wà ní Abẹ́òkúta, ló ń kọ́ wọn ní Yorùbá lórí WhatsApp ní àárọ̀ Sátidé tiwa, tí ó jẹ́ ọ̀sán lọ́dọ̀ tiwọn. Ìwé nótì kan kò lè wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ṣe é sórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn áàpù wà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, tí à ń san owó oṣù lé lórí. Mo yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Ojú wọn dùn ún wò, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn àwọ̀ wọn. Ohun tí mi ò gbà lọ́wọ́ àwọn tí mo yẹ̀ wò ni pé bí ọmọ kò bá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Ajé, áàpù á sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á sì pa ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí ọmọ máa ṣe lónìí kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí ni áàpù ń pa rẹ́ yẹn fún ẹni tó ní ìròyìn láti fi ránṣẹ́.

Nítorí náà, ìròyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá ń ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo tẹ òfin náà jáde, abala 100.10 nínú ìlànà Kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ New York, mo fi bírò pupa fàlà sí gbogbo ibi tó ti ní kí òbí kọ nǹkan sílẹ̀. Ìròyìn mẹ́rin la ó kọ lọ́dún, ní àwọn ọjọ́ tí àwa fúnra wa bá dá nínú ètò ẹ̀kọ́ ọdún, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IHIP. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan ń béèrè iye wákàtí tí a fi kọ́ ọmọ ní sáà náà, ohun tí a kọ́ nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti máàkì tàbí àlàyé lórí bí ọmọ ṣe ṣe sí. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló gba ọpọlọ: bí ohun tí a kọ́ nínú ẹ̀ka kan kò bá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ti ṣètò fún sáà náà, a gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí a ti ṣètò ni wọ́n fi ń wọn ohun tí a ṣe. Bí ètò bá ń yí padà lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dí, kí ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ṣíìtì tí mo bá ṣe gbọ́dọ̀ mú nǹkan méjì pọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀: sáà tí a dá fún ẹ̀kọ́ kan, tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó ṣe é gan-an, tó lè máa rìn bó ṣe wù ú.

Iye wákàtí rọrùn ju ìyẹn lọ. Kíláàsì kìíní sí ìkẹfà ń béèrè wákàtí 900 lọ́dún, kíláàsì keje sí ìkejìlá ń béèrè 990, àti ohun tó tó ọjọ́ 180. Bí a bá pín in, wákàtí márùn-ún ni ti àbúrò lójúmọ́, márùn-ún ààbọ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n. Ti kíláàsì keje tún ní ìṣirò mìíràn nínú: yúnìtì. Yúnìtì kan jẹ́ ìṣẹ́jú 6,480 láàárín ọdún kan, ìyẹn wákàtí 108. Láàárín kíláàsì keje àti ìkẹjọ, ọmọ gbọ́dọ̀ ní yúnìtì méjì-méjì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ìtàn pẹ̀lú jọ́gíráfì, kí ó sì ní ìlàjì-ìlàjì nínú orin àti iṣẹ́ ọnà. Eré ìdárayá, ìlera, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ lílo ilé ìkàwé kò ní iye yúnìtì, wọ́n kàn ní kí ó máa wáyé déédéé.

Ìṣẹ́jú ni mo wá pinnu pé a ó máa kọ, ní nọ́ńbà lásán. Ẹ má ṣe kọ 1:30 sínú ṣíìtì. Yóò kà á sí aago, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì kọjá wákàtí 24, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo lójú yín, àfi bí ẹ bá yí bó ṣe ń hàn padà sí `[h]:mm`. Ẹ kọ 90, kí ẹ sinmi.

Oṣù Kẹjọ

IHIP gbọ́dọ̀ padà dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí fọ́ọ̀mù bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Inú ṣíìtì ni mo ti kọ ọ́ kí n tó dà á sórí fọ́ọ̀mù wọn, kí ètò tó wà lọ́dọ̀ wọn àti èyí tó wà lọ́dọ̀ wa má baà yàtọ̀.

Ṣíìtì mẹ́rin ló wà nínú fáìlì. EKA ni àkójọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. ETO ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún, ìlà kan fún ẹ̀kọ́ kan. OJO ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. ISINMI kò ní ju àwọn ọjọ́ tí a kò ní ṣiṣẹ́ lọ: Thanksgiving, Kérésìmesì, Iléyá, ọjọ́ tí ara ẹnì kan kò bá yá.

Inú ETO ni mo lo ọ̀pọ̀ àkókò sí. Òpó A ni ọmọ tó ni ẹ̀kọ́ náà, B ni ẹ̀ka, C ni nọ́ńbà tó fi tẹ̀lé ara wọn, D ni ohun tí a ó kà tàbí tí a ó ṣe pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀, E ni sáà. F àti G ni ibi tí a ti ń fi àmì sí i, H ni ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà parí. Kò sí ibì kankan tí mo ti fọwọ́ kọ ọjọ́ tí a *máa* ṣe ẹ̀kọ́. Nọ́ńbà nìkan ni. Ẹ̀kọ́ kejìlá ìṣirò ni ẹ̀kọ́ kejìlá, ì báà bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Òpó I ló ń ṣírò ọjọ́ fúnra rẹ̀:

`=IF(H2<>"", H2, WORKDAY.INTL(TODAY()-1, COUNTIFS(A:A,A2,B:B,B2,H:H,"",C:C,"<="&C2), VLOOKUP(B2,EKA!A:D,4,FALSE), ISINMI!A$2:A$60))`

Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, ọjọ́ tó parí ni yóò hàn. Bí kò bá tíì parí, yóò ka iye ẹ̀kọ́ ẹ̀ka yẹn tí ọmọ yẹn kò tíì ṣe títí dé orí èyí, yóò sì ka ọjọ́ iṣẹ́ láti òní lọ. Bí a bá fo ọjọ́ kan, gbogbo èyí tó kù á sún fúnra rẹ̀, a kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní gbogbo àsìkò tí òpó I bá ń sún yìí, òpó E dúró gbọn-in. Mo tì í pa lọ́jọ́ tí IHIP lọ: Google Sheets ní ibi tí a ti lè dáàbò bo òpó kan kí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó ni fáìlì má lè yí i.

Apá tí VLOOKUP ń lọ mú wá ni nọ́ńbà méje tó ń sọ ọjọ́ tí ẹ̀ka kan ń wáyé. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kà á. Òdo ni ọjọ́ iṣẹ́, ookan ni ọjọ́ ìsinmi. Sáyẹ́ǹsì tó ń wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ 1010111. Yorùbá tó jẹ́ ti Sátidé nìkan jẹ́ 1111101. Ìṣirò, tó ń wáyé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, jẹ́ 0000011, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀fìn wà. Bí ẹ bá tẹ 0000011 sínú ṣíìtì bẹ́ẹ̀, yóò rò pé nọ́ńbà ni, yóò gé àwọn òdo iwájú kúrò, 11 ló máa kù. Kò ní bínú, kò ní fi pupa hàn, torí 11 ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún WORKDAY.INTL: ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìsinmi. Bí ẹ ṣe máa rí i nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Sátidé. Kí ẹ sọ òpó náà di ọ̀rọ̀ lásán kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i, tàbí kí ẹ fi àmì ' ṣáájú rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù Google ni mo ṣe fún OJO, kí ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ láti orí fóònù: ọmọ wo, ẹ̀ka wo, ìṣẹ́jú mélòó, kí ni ẹ ṣe, ọjọ́ wo. Mo béèrè ọjọ́ lọ́tọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ń tẹ aago tirẹ̀ sí i, nítorí bàbá wọn máa ń rántí fọ́ọ̀mù nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti fẹ́ mọ́. Ẹ yẹ àgbègbè aago fáìlì wò pẹ̀lú, pé New York ló wà.

Ohun kan nípa fọ́ọ̀mù: ìlà tuntun ló máa ń fi wọlé fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, fọ́múlà tí ẹ bá sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ fi ṣíìtì ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣe ìṣirò yín nínú ṣíìtì mìíràn tó ń kà á.

Màmá kì í fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Mo ti pa àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo fún wọn o, àbúrò ń sùn díẹ̀-díẹ̀ níparí rẹ̀." Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ wọlé, pẹ̀lú oorun àbúrò. Yorùbá kò sí lára ohun tí òfin kà sílẹ̀ fún kíláàsì wọn. A kọ ọ́ sínú IHIP gẹ́gẹ́ bí àfikún, a sì ń kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ bíi ti ìyókù.

Àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé tún wà: òfin ní kí ọmọ kọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rere, nípa ewu ọtí àti oògùn olóró, nípa ìrìnnà lójú títì títí kan kẹ̀kẹ́ gígùn, àti nípa bí a ṣe ń dènà iná. Wọn kò nílò ètò gígùn. Mo fún wọn ní kóòdù kan ṣoṣo, KKR, pẹ̀lú àpótí tí a ń fi àmì sí. Ti iná ti ń kọ́ ara rẹ̀ nílé wa, bí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín ṣe máa ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé dòdò kaná.

Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ mọ ibi tí a dé, mo fi SUMIFS kó ìṣẹ́jú ìṣirò ẹ̀gbọ́n jọ. Ó kéré jọjọ sí ohun tí ojú mi ti rí. Mo lọ ka àwọn ìlà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ìṣirò, Ìṣirò, Ìṣirò, títí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìtì ń ka àwọn kan, ó ń fo àwọn kan.

Nígbà náà, àyè òfo ni fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ fún orúkọ ẹ̀ka, kálukú ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kíbọọ̀dù tó wà lórí fóònù mi àti èyí tó wà lórí ti bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tèmi ní lẹ́tà ṣ tó dá dúró pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tiwọn ń tẹ s lásán, ó wá ń so ìlà kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í tilẹ̀ ṣe àmì tóótó. Lójú fóònù, Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Fún kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fi LEN ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ náà. Ìṣirò tèmi jẹ́ 5, tiwọn jẹ́ 6. Bí kíbọọ̀dù kan bá tún ya àmì ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára fáwẹ̀lì, yóò di 8. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, LEN ló lè rí i.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yé fi àmì sí i. Mi ò gbà. Àwọn ọmọ ń wo ṣíìtì yìí lójoojúmọ́, mi ò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀kọ́ Yorùbá wọn máa wà ní ìhòòhò níwájú wọn, kí Màmá wá máa kọ́ wọn ní àmì ohùn ní Sátidé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín in sí méjì. Kóòdù lẹ́tà mẹ́ta tí kò ní àmì kankan ni kọ̀ǹpútà ń lò: ISR, SAY, ITN, ORN, YOR. Inú EKA, òpó kan ní kóòdù, èkejì ní orúkọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ̀kẹta ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ́fíìsì, ẹ̀kẹrin ní nọ́ńbà ọjọ́ méje yẹn. Fọ́ọ̀mù kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ orúkọ ẹ̀ka mọ́. À ń yàn án nínú àkójọ ni. Mo tún àwọn ìlà àtijọ́ kọ sí kóòdù, iye ìṣẹ́jú sì bá ojú mi mu.

Oṣù yìí náà ni ẹ̀gbọ́n rí i pé òun lè fi àmì "mo ti ṣe é" sí ẹ̀kọ́ tí kò ṣe, tí yóò sì kúrò lójú òun. Mi ò bá a jà púpọ̀, torí èmi náà ìbá ti dán an wò. Òpó F ni tirẹ̀ báyìí, ó lè fi àmì sí i bó ṣe wù ú. Òpó G ni ti àgbà, lẹ́yìn tí a bá ti rí iṣẹ́ náà, ìgbà yẹn la ó tó tẹ Ctrl àti ; pa pọ̀ kí ọjọ́ òní wọ òpó H. H yìí nìkan ni ìròyìn ń kà. Ohun tí F wá wúlò fún ni pé ó ń fi iṣẹ́ tó ń dúró de àyẹ̀wò hàn mí: gbogbo ìlà tí F ní àmì tí G kò ní.

Oṣù Kọkànlá

Ìròyìn àkọ́kọ́. Mo ṣe ṣíìtì karùn-ún, IRYN, tí mo ń yan ọmọ àti sáà ní òkè rẹ̀. Fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó ń ka iye ẹ̀kọ́ tí E sọ pé ó jẹ́ ti sáà náà, ó ń ka iye tí ọjọ́ H rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí sáà parí tàbí ṣáájú rẹ̀, ó wá ń fi èkejì pín sí ti àkọ́kọ́. Bí kò bá tó 0.8, àpótí náà á pupa. Ìṣẹ́jú ń bọ̀ láti OJO, ó ń di wákàtí. Ti ẹ̀gbọ́n ní òpó kan sí i, àpapọ̀ ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí a pín sí 6,480, kí a lè mọ ìdá yúnìtì tó ti kó jọ.

Àpótí kan pupa lóòótọ́: sáyẹ́ǹsì ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti yí àsìkò iṣẹ́ bàbá wọn padà láti àárín oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gbólóhùn kan la fi ṣàlàyé rẹ̀, a fi ìkejì sọ pé a ti gbé ẹ̀kọ́ náà sí Sátidé lẹ́yìn ti Màmá. Nínú EKA, 1010111 di 1011101, gbogbo ọjọ́ sáyẹ́ǹsì tó kù nínú ọdún sì tún ara wọn tò. Ká ní áàpù tó ń pa ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́ ni mo lò, gbogbo rẹ̀ ni ìbá jọ pé ó ń lọ déédéé títí dé òpin ọdún, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ á ti pọ̀ ju ọjọ́ lọ.

Lórí máàkì, mi ò ṣe wàhálà. Òfin gba máàkì, ó sì gba àlàyé. Ẹ̀gbọ́n ń gba máàkì torí ó fẹ́ràn láti máa wo bó ṣe ń lọ sókè. Ti àbúrò, àlàyé gbólóhùn méjì-mẹ́ta ni fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá kọ sí ibi "kí ni ẹ ṣe" nínú fọ́ọ̀mù ni mo fi ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ bàbá wọn pé "a ka orí 3" kò tó. Ohun tí ọmọ lóye àti ibi tó ti dúró ló wúlò.

Nígbà tí ìròyìn bá ti lọ, mo ń sọ IRYN di PDF, mo sì ń gba gbogbo fáìlì náà sílẹ̀ ní xlsx, ìyẹn fáìlì Excel, sórí fíláàṣì. Òfin ní kí òbí tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ọmọ wá sí ẹ̀kọ́, kí ó lè fi hàn bí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ bá béèrè. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn wà níbi tó jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó parí.

Àwòrán iṣẹ́ wọn wà nínú fódà kan ṣoṣo. Orúkọ fáìlì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ títò: 2024-10-03_E_SAY. Ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, kí wọ́n lè to ara wọn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ọmọ, lẹ́yìn náà kóòdù. Kò ní àmì ohùn, kò ní àlàfo.

Oṣù Kejì

Ìròyìn kejì yá gan-an. Ohun tó kù fún mi láti fi kún un ni ibi tí èsì ìdánwò ọdún máa wà, nítorí pé láti kíláàsì kẹrin dé ìkẹjọ, ọdún kan la lè fi àlàyé olùyẹ̀wò rọ́pò ìdánwò, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó ṣe é. Àwọn bíi Iowa, Stanford àti California Achievement Test wà lára èyí tí wọ́n gbà, èsì ọmọ sì gbọ́dọ̀ ga ju ti ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí wọ́n fi ń wọn ìdánwò náà lọ (33rd percentile) tàbí kí ó fi ìlọsíwájú ọdún kan hàn ju ìdánwò tó ṣe ṣáájú lọ. Òpó kan péré ló máa gbà.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Maryland ní kí n fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí òun. Mo kọ́kọ́ ní kó ka òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sí wákàtí 900, kò sí ìdá 80, kò sí yúnìtì. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni àkójọ iṣẹ́ ọmọ nínú ẹ̀ka mẹ́jọ: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, ìlera àti eré ìdárayá. Ọ́fíìsì agbègbè lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lọ́dún. A yọ OJO kúrò, a yọ òpó E. EKA, ETO àti ISINMI kù, torí ìyẹn wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ tó ń ṣàìsàn nígbà òtútù. Fódà àwòrán, tó jẹ́ àfikún lásán lọ́dọ̀ wa, lòun fi ṣe ìpìlẹ̀. Ó fi òpó kan sí EKA tó ń ka iye àwòrán tó wà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sì tíì ní ọ̀kan á pupa. Orin ló pupa títí di ìgbà tí ó fi fídíò ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń lu gángan sí i.